Ta Ló Ni Maseno? Àkọsílẹ̀ Ààlà Kántì Kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Kenya

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Kenya tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ní 27 Oṣù Kẹjọ 2010 to orúkọ kántì 47 sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni ó tò. Kò fa ilà kankan, kò sì sọ odò tàbí òkè tí kántì kan fi yà kúrò lára èkejì. Nígbà tí wọ́n dìbò yan àwọn gómìnà àkọ́kọ́ ní 4 Oṣù Kẹta 2013, kántì tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí gbé àríyànjiyàn kan wọ inú ètò tuntun náà, èyí tí ó ti wà nílẹ̀ kí a tó bí púpọ̀ nínú àwọn tó dìbò lọ́jọ́ náà: ta ló ni Maseno? Maseno kì í ṣe ìlú ńlá. Ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Kisumu lọ sí Busia, níbi tí ilà agbedeméjì ayé gbà kọjá. Àwọn ajíhìnrere Church Missionary Society dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1906, yunifásítì sì wà níbẹ̀ lónìí. Nínú ìwé ìjọba, kántì Kisumu ló ni ín. Lẹ́nu àwọn ará kántì tí mo ń wí, ilẹ̀ baba wọn ni.

N kò ní dárúkọ kántì náà. Ẹni tí ó bá mọ apá ibẹ̀ yóò dá a mọ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé bí a bá ti dárúkọ ìhà kan nínú ọ̀rọ̀ ààlà, òǹkàwé a yan ẹni tí yóò gbè, etí rẹ̀ a sì di sí bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn dé ibi tí ó wà. Fún ẹni tí kò mọ ètò Kenya, kántì lágbára ju ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ní Nàìjíríà lọ, kò sì tó ìpínlẹ̀: ó ní gómìnà, ó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, ó sì ń gba ìpín nínú owó orílẹ̀-èdè. Èyí tí a ń sọ kéré níbùú àti lóròó, nítorí kò tó 600 kìlómítà oníbùú-lóòró, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ nínú ìkànìyàn 2019 jẹ́ 590,013. Abúlé ni gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tíì ni wọ́n ń gbìn sí ẹ̀bá òkè tí òkúta ràbàtà-ràbàtà kún, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ilẹ̀ wọn kò sì tó éékà kan. Níbi tí ilẹ̀ ti há tó báyìí, ẹsẹ̀ bàtà kan ilẹ̀ tó ohun tí ìdílé méjì lè tìtorí rẹ̀ má bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìran kan.

Ẹni tí a bí síbẹ̀ ní 1900, abẹ́ Uganda ni a bí i sí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kéde Uganda gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ àbójútó rẹ̀ ní 1894, ó sì kéde Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tí ó di Kenya lẹ́yìn náà, ní 1895. Gbogbo ìwọ̀-oòrùn Kenya òde òní ni wọ́n kà mọ́ ẹkùn ìlà-oòrùn Uganda. Ọ̀nà rélùwéè dé etí adágún Victoria ní Kisumu, tí wọ́n ń pè ní Port Florence nígbà náà, ní ìparí 1901. Ní 1902 wọ́n yọ ẹkùn náà kúrò lára Uganda, wọ́n so ó mọ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, kí rélùwéè láti etíkun Òkun Íńdíà dé etí adágún lè wà lábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Nítorí irin ojú ọ̀nà ni ilẹ̀ tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ fi yí orílẹ̀-èdè padà, èrò àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ kò sì sí nínú ìṣírò náà rárá. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ nípa ààlà àtijọ́ bí ẹni pé orí òtítọ́ kan tí ó ti wà láti ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n gbé e kà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìjọba àmúnisìn gbìyànjú ni kí ó fi ọba kan ṣàkóso àwọn tí kò ní ọba. Nínú gbogbo àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Kavirondo ti Àríwá, àwọn Wanga nìkan ni wọ́n ní ọba tí Òyìnbó lè tọ́ka sí, èyíinì ni Nabongo Mumia. Ìlú rẹ̀, Mumias, ni C. W. Hobley, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣe ibùjókòó ìjọba, ní 1909 wọ́n sì fi Mumia joyè olórí àwọn olóyè gbogbo àgbègbè náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán àwọn ènìyàn Wanga jáde gẹ́gẹ́ bí àjẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa gba owó-orí ilé, kí wọ́n sì máa kó ènìyàn lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Kò dé ibi gbogbo bákan náà, ṣùgbọ́n ibi tí ó dé kò gbàgbé. Àwọn tó wà ní gúúsù àgbègbè náà, níbi tí kántì wa wà lónìí, àgbà ìdílé àti àgbà agboolé ló ń parí ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Kí ẹni tí kò mọ orírun ẹnikẹ́ni nínú wọn máa fi àṣẹ ọba tí wọn kò jẹ́ ní gbèsè dá wọn lẹ́jọ́ kò lè wọ̀ wọ́n létí. Ìbínú náà pọ̀ débi pé ní àwọn ọdún 1920 ìjọba ti ń dín agbára Wanga kù: wọ́n ti gbé ibùjókòó àgbègbè lọ sí Kakamega ní 1920, Mumia sì fẹ̀yìntì ní nǹkan bí 1926.

Wọ́n wá pààrọ̀ ọgbọ́n. Wọ́n pín àgbègbè náà sí ẹ̀ka, wọ́n fi orúkọ ẹ̀yà tó ń gbé inú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pè é, wọ́n sì fi olóyè kan sí i lórí; láti 1925 wọ́n tún dá ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ sílẹ̀, tí ó lè bu owó lé ará ìlú lórí fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí ajẹ́lẹ̀ àgbègbè fúnra rẹ̀, tí í ṣe Òyìnbó, jẹ́ alága rẹ̀. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni pé ètò yìí ló bí ìjà Maseno. Bí ẹ̀ka bá ń jẹ́ orúkọ ẹ̀yà, a jẹ́ pé ibi tí ẹ̀yà parí sí ni ẹ̀ka gbọ́dọ̀ parí sí. Àgbègbè Kavirondo ti Àríwá di ti àwọn tó ń sọ èdè Luyia, Kavirondo ti Àárín, tí Kisumu jẹ́ olú rẹ̀, di ti àwọn tó ń sọ èdè Luo, wọ́n sì fẹ́ kí ilà kan gba àárín wọn kọjá. Ní ojú ilẹ̀, kò sí irú ilà bẹ́ẹ̀. Ọkọ ń bẹ lápá ìhín, àna ń bẹ lápá ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ èdè méjèèjì láti kékeré, oko ẹlòmíràn sì wà níbi tí ilé rẹ̀ kò sí. Èdè lè dàpọ̀ lẹ́nu ènìyàn kan láìsí wàhálà. Àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ kò ní ohun tí wọ́n lè fi ya irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ya ilà.

Ìkóríta tí ó yí ọkàn àwọn ènìyàn padà jù lọ kò ti ọ̀dọ̀ Luo wá o, wúrà ló fà á. Ní 1930 ìjọba ṣe òfin tí ó sọ pé ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ yóò jẹ́ tiwọn títí láé, àti pé bí a bá gba apá kan lára rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ mìíràn tí ó bá a dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Ní 1931 wọ́n rí wúrà ní Kakamega, àwọn Òyìnbó sì ya wọ ibẹ̀. Kí 1932 tó parí, wọ́n ti tún òfin náà ṣe: bí ó bá jẹ́ nítorí wúrà, kò sí ọ̀ràn ilẹ̀-fún-ilẹ̀ mọ́, owó ni wọn yóò san, kò sì di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ bá ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ sọ ọ́. Ọdún méjì péré ni “títí láé” gbà kí ó tó yẹ̀. Ẹgbẹ́ North Kavirondo Central Association dìde lẹ́yìn èyí, ìwé ẹ̀bẹ̀ sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba lọ́tùn-ún lósì. Àárín ìjàkadì yìí ni orúkọ Abaluyia, èyíinì ni Luyia, ti gbilẹ̀, tí àwọn ẹ̀yà tí kò pe ara wọn ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ kan náà. Lójú tèmi, láti ìgbà yìí ni ará abúlé ti kọ́ pé ẹni tí ó bá bọ́ sí òdì ilà lè pàdánù ilẹ̀ rẹ̀, àti pé ìwé ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹni tó bá ń gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ Maseno lónìí, tí ó wá ń rò pé àsọdùn ni, kò mọ 1932.

Ilẹ̀ tí ó há náà sì ń lé wọn jáde. Láti àwọn ọdún 1940 àti 1950 ni ìdílé púpọ̀ ti ṣí lọ sí gúúsù ẹkùn Nyanza, àwọn kan lọ sí Uganda. Àwọn ọmọ wọn tó kù sí Uganda ṣì ń bá ìjọba ibẹ̀ fà á pé kí wọ́n kà wọ́n mọ́ ọmọ onílẹ̀, nítorí pé orúkọ ẹ̀yà wọn kò sí nínú àkójọ àwọn ẹ̀yà tí ìwé òfin ibẹ̀ mọ̀. Ó jẹ́ ohun ìyanu díẹ̀ pé ilẹ̀ tí àwọn baba wọn ti wá yìí ti wà lábẹ́ Uganda rí.

Ní 1962 ni ìjọba wá bi àwọn ènìyàn léèrè ní gbangba. Àwọn olóṣèlú Kenya ti fẹnu kò ní London pé ẹkùn-ẹkùn ni orílẹ̀-èdè yóò wà nígbà òmìnira. Ẹgbẹ́ KADU, tí Masinde Muliro láti ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, ló fẹ́ ẹ jù, nígbà tí ẹgbẹ́ KANU, tí í ṣe alátakò rẹ̀, kàn gbà á kí òmìnira má bàa pẹ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ààlà kalẹ̀, wọ́n sì fi Sir Stafford Foster-Sutton ṣe alága rẹ̀. Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa: òun ni adájọ́ àgbà Nàìjíríà nígbà kan, òun náà ló sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ Azikiwe àti African Continental Bank ní 1956. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ rìn káàkiri Kenya, wọ́n gba ìwé, wọ́n gbọ́ ẹjọ́, ìbéèrè tó sì jẹ wọ́n lógún ni pé, ta lẹ fẹ́ bá gbé? Àwọn Luyia dáhùn pé àwọn fẹ́ ẹkùn tàwọn, wọ́n sì rí i gbà. Wọ́n gé Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára ẹkùn Nyanza, tí Kisumu náà wà nínú rẹ̀, Kakamega di olú rẹ̀.

Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba níṣẹ́, orí ibí yìí ni n óò dúró sí jù. Ìbéèrè náà dára ju gbogbo èyí tí wọ́n ti béèrè ṣáájú lọ, ó sì mú ìdáhùn tó tẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́rùn wá ní àárín ilẹ̀ Luyia. Ní etí rẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà ní Maseno tí wọ́n bi pé ta ni ó fẹ́ bá gbé ti ń bá àwọn méjèèjì gbé tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn yòówù tí ó bá fún ìgbìmọ̀, ó ti sọ aládùúgbò rẹ̀ di àlejò nìyẹn. Ìyẹn nìkan kọ́: ilà tó ti jẹ́ ti àgbègbè sí àgbègbè nínú ẹkùn kan ṣoṣo di ilà ẹkùn sí ẹkùn, ó le sí i lóru ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ rìn ín tán.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òmìnira dé ní 12 Oṣù Kejìlá 1963. Ẹkùn kò lo ọdún méjì kí ìjọba àpapọ̀ tó gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1964 Kenya di orílẹ̀-èdè olómìnira alààrẹ, KADU tú ká sínú KANU, àwọn ẹkùn sì padà di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí Nairobi ń fi ṣiṣẹ́. Ìgbìmọ̀ kántì, tó jẹ́ arọ́pò ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, ṣì ń ṣe ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti ọ̀nà, títí òfin kan ní 1969 fi gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, olóyè àti ajẹ́lẹ̀ àgbègbè, tí Nairobi yàn, ni ìjọba tí ará abúlé mọ̀. Fún ogójì ọdún ó lé, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ó bínú sí ilà Maseno tó láti gbé e lọ síwájú, nítorí pé apá ìhín ni o wà o, apá ọ̀hún ni o wà o, Nairobi ló ń san owó olùkọ́, Nairobi ló sì ń gba owó-orí.

Ní 1990 wọ́n gé apá gúúsù Kakamega kúrò, wọ́n sọ ọ́ di àgbègbè ọ̀tọ̀, èyí tó wá di kántì wa. Àwọn ará ibẹ̀ yọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ̀: wọn kò ní máa rin ọ̀nà jíjìn lọ sí Kakamega fún gbogbo ìwé tí wọ́n bá nílò. Ṣùgbọ́n àkókò tí ààrẹ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àgbègbè tuntun ta ìdílé àti ẹ̀yà lọ́rẹ ni, àṣà náà kò sì dúró. Nígbà tó fi di 2009, iye àgbègbè ní Kenya ti lé ní 250, wọ́n tiẹ̀ ti tún àgbègbè kékeré tí à ń sọ yìí pín. Ilé-ẹjọ́ gíga sọ ní ọdún náà pé àwọn àgbègbè tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ láìsí òfin kò bófin mu. Àwọn tó kọ ìwé òfin 2010 wá padà sí àkójọ àgbègbè tó wà nínú òfin 1992, wọ́n sọ wọ́n di kántì. Àgbègbè 1990 wà nínú rẹ̀; ohun tí olóṣèlú kan fi ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ wá di ohun tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ń dáàbò bò, ilà rẹ̀ sì jẹ́ ilà ẹkùn ti 1963 níhà Kisumu.

Láti 2013 ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí ilà náà kọjá. Kántì ló ń gba owó-ọjà, owó ibùdókọ̀ àti owó ìwé àṣẹ ìṣòwò. Kántì tí kò ní ìlú ńlá, tí ó jẹ́ pé ìpín láti Nairobi ló ń gbé e ró, kò lè mójú kúrò lára ibi tí yunifásítì wà, tí ọkọ̀ ń dúró, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń yá ilé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tó ti sùn láti ayé ìgbìmọ̀ Foster-Sutton fi jí, tí àwọn gómìnà méjèèjì sì ń sọ̀rọ̀ ta kora lórí ẹni tí yóò gba owó ní Maseno. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé orí àga, ọ̀rọ̀ baba-ńlá ni wọ́n ń sọ. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo kàn ń sọ pé baba-ńlá náà wà níbẹ̀ ní 1985, kò sì sí ẹni tó pè é.

Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún yíyí ààlà padà wà nínú abala 188: ìgbìmọ̀ olómìnira ni yóò dábàá rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣojú kántì ní ilé sẹ́nétọ̀ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òkè yìí ga, kántì kan kò sì tíì gùn ún dé òpin. Àwọn sẹ́nétọ̀ ti gbé àbádòfin wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti fi ìlànà kún un. Àwọn tó kọ ìwé òfin mọ̀ọ́mọ̀ gbé e ga bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé wọ́n ti rí ohun tí ààlà tó rọrùn láti yí fi Kenya ṣe.

Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ irú ọ̀ràn báyìí, yálà awọnlẹ̀ ni tàbí agbẹjọ́rò tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, ohun tí n óò kọ́kọ́ ṣe ni kí n wá ìwé tó ṣàpèjúwe ilà náà gbẹ̀yìn ní ọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tó dárúkọ ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Níhìn-ín, ìwé 1963 ni, kì í ṣe ti 2010, àwọn tó sì ń fi ìwé òfin tuntun na ara wọn ń na afẹ́fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, ó yẹ kí wọ́n ya ohun mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ń pè ní “ilẹ̀ wa” sọ́tọ̀: ẹni tó ni ilẹ̀, ìjọba tó ń ṣàkóso ibẹ̀, àti ẹni tó ń gba owó níbẹ̀. Bí ilà kántì bá ṣí, ìwé ilẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ṣí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí òṣìṣẹ́ sọ èyí ní ẹ̀ẹ̀kan kí ó sì retí pé wọn yóò gbà á gbọ́, nítorí ní ayé àwọn bàbá wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lọ ni.

Nípa ti owó, abala 189 gbà kí ìjọba méjì dá ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe tàbí àjọ àjùmọ̀ṣe sílẹ̀, kò sì béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹnikẹ́ni. Èyí ni èmi ìbá kọ́kọ́ gbìyànjú: agbowó kan, ìwé kan, ìpín tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, kí ilà sì wà níbi tí ó wà. Yóò dín àwọn tó ní ìdí láti jà kù, àwọn tó bá ṣẹ́kù ni a ó wá mọ̀ pé baba-ńlá ló ń dùn wọ́n ní tòótọ́.

Kí ẹni tí wọ́n bá sì rán lọ wádìí má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì gómìnà. Kí ó lọ sí ọjà lẹ́bàá ọ̀nà Busia ní ọjọ́ ọjà, kí ó kí àwọn ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó ra díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ó tó béèrè pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ìwé owó-ọjà tí wọ́n já fún wọn láàárọ̀ náà han òun, kí ó wo orúkọ kántì tó wà lórí rẹ̀, àti bóyá ẹyọ kan ni tàbí méjì.